Mojí, Ta Ló Ní Kí O Dáwọ́ Oògùn Dúró?

Jókòó síbẹ̀. Má fojú àánú wò mí, ojú yẹn kò tu irun kan lára mi. Ta ló ní kí o dáwọ́ oògùn dúró? Mo ní ta ni? Oríkèé kò ro ọ́ láti ìgbà Àjíǹde, ojú rẹ ń dán, o wá rò pé àìsàn ti kẹ́rù, ó ti gba ilé rẹ̀ lọ. Lo bá ti hydroxychloroquine bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, o ń mu àgbo inú ike tí obìnrin kan tà fún ọ ní gáréèjì Òjòdú. Mojísọ́lá! Ìwọ tí o gboyè nínú ìṣirò owó, tí odindi ilé iṣẹ́ ń retí kí o wá bá wọn ka owó wọn!

"Àǹtí, ara mi ti yá ni mo ṣe dá a dúró."

Mo gbọ́. Kí ló mú un yá? Ṣé àgbo tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló padà sẹ́yìn lọ wo ara rẹ sàn láti oṣù kẹrin? Oògùn tí o sọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀sọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́: ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù mélòó kan, kó tó mú ara dáadáa. Ẹ̀sọ̀ náà ló fi ń kúrò lára, ó lè tó 40 ọjọ́ kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Ìdí nìyẹn tí o fi dá a dúró tí nǹkan kan kò ṣe ọ́ lọ́jọ́ kejì, tí o wá ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ara rẹ lo ṣì ń ná báyìí.

Jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé, nítorí lọ́jọ́ tí dókítà sọ ọ́, ẹkún ni o ń sun, o ò gbọ́ ìdajì. Ara olúkúlùkù ló ní sójà tirẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn. Àwọn ló ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní antibody, tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò tó bá yọ́ wọlé kí àwọn yòókù lè dá a mọ̀, kí wọ́n pa á. Nínú lupus tó ń ṣe ọ́ yìí, antibody náà ń lẹ̀ mọ́ ohun tó jẹ́ ti ara fúnra rẹ̀, títí dé DNA tó wà ní ààrin gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì. Àpapọ̀ wọn á máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn, á lọ dì sínú kíndìnrín, sára awọ, síbi oríkèé, síbi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. Ibi tó bá dì sí ni yóò wú, tí yóò gbóná, tí yóò máa ro ni. O rántí ọlọ́dẹ àdúgbò tó máa ń fọn fèrè lóru nígbà tí ẹ wà ní kékeré, èyí tó mutí yó lọ́jọ́ kan tó tan tọ́ọ̀ṣì sí bàbá onílé lójú, tó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ? Irú rẹ̀ ló wà lára rẹ. A ò sì lè ní ká lé ọlọ́dẹ dànù, olè á wọlé. Ká pe orí rẹ̀ wálé ni, ojoojúmọ́ ni a ó sì máa pè é.

Ojoojúmọ́, Mojí. Kò tíì sí oògùn tó ń lé lupus lọ pátápátá. Ó máa ń sùn, ó sì máa ń jí. Nígbà tó bá sùn, èèyàn á dà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí, á lọ síbi iṣẹ́, á jó níbi ìgbéyàwó. Ìgbà yẹn gan-an ni oògùn ń ṣiṣẹ́ jù. Ìwọ wá rí i pé ó ti sùn, o lọ ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn létí.

Kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe ọ́. Bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìyàwó àbúrò rẹ̀, mo ti ní kó panu mọ́. Kì í ṣe èpè, kì í ràn. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ jẹun nínú àwo kan náà kó jẹ ẹ́, kó jẹ́ kó yó. Ohun tí a mọ̀ ni pé nǹkan kan wà tí èèyàn ń jogún wá sáyé, tó máa ń fara pamọ́ títí ohun mìíràn á fi ta á jí: oòrùn, àìsàn kan, oògùn kan, tàbí èròjà tó sọ wá di obìnrin. Nínú mẹ́wàá tó ń ṣe, bíi mẹ́sàn-án ni obìnrin. Láàrin ọdún 15 sí 44 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí èèyàn ń wá iṣẹ́, tó ń wá ọkọ, tó fẹ́ bímọ. Àìsàn náà mọ àsìkò tó le!

O ní àìsàn òyìnbó ni. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1968, dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní UCH, ọsibítù tó wà ní Orítamẹ́fà ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet pé irú àìsàn báyìí, tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, ṣọ̀wọ́n láàrin àwa ọmọ Nàìjíríà. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà àti àwọn aràn tó ń gbé inú wa láti kékeré ló ń kó àwọn sójà wa níjàánu. Nígbà tó yá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn eku kan tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìran wọn, wọ́n fi ibà àwọn eku kó wọn, àìsàn ọ̀hún sì dínkù. Èrò tó jinlẹ̀ ni, mi ò bú u. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ náà di àṣà lẹ́nu àwọn oníṣègùn, a wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé pé lupus kì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Ẹni tí o kò bá wá, ṣé o máa rí i? Ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin dúdú ló ń mú ju obìnrin funfun lọ, ó sì máa ń le sí i lára wọn. Ṣé àwọn yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa ni? Nígbà tó wá di 2009, àwọn dókítà Adelowo àti Oguntona kọ̀wé nípa àwọn 66 tí wọ́n rí nínú àwọn tó ń gbàtọ́jú oríkèé ní Èkó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo wọn. Wọ́n wá a, wọ́n rí i.

Ìwọ náà, ìgbà mélòó ni wọ́n wo ibà àti táífọ́ọ̀dù fún ọ kí ẹnì kan tó ronú kan nǹkan mìíràn? Ara gbígbóná: ibà. Irun ń já: ìrònú. Ọgbẹ́ wà lájà ẹnu tí kò tilẹ̀ dùn ọ́: ooru. Ọwọ́ kò ká láàárọ̀, o ò lè ṣí ìdérí ìgò: làkúrègbé, o sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó kó wọn jọ wò lójú kan. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ìtọ̀, pẹ̀lú ojú dókítà tó gbọ́n. Tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní ANA, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jáde lára gbogbo ẹni tó ní lupus, ṣùgbọ́n ó tún máa ń jáde lára ẹlòmíràn tí nǹkan kan kò ṣe. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tó lọ ṣe é fúnra rẹ̀ tó wá ń sunkún káàkiri WhatsApp pé kó nu ojú, kó gbé èsì náà lọ bá dókítà.

Ẹ gbọ́ o, oògùn ibà ni wọ́n fi ń wo àìsàn tí wọ́n ní ibà ń lé jìnnà! Ayé ń dá mi lẹ́rìn-ín. Ní 1951 ni dókítà kan, Francis Page, kọ ọ́ nínú Lancet yẹn náà pé òun fi mepacrine, oògùn ibà, wo àwọn tí lupus ń bá jà, ara wọn sì mókun. Láti ibẹ̀ ni a ti dé ọ̀dọ̀ chloroquine, tí gbogbo wa fi họra nígbà èwe títí ẹ̀yìn fi bó, àti ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fún ọ yìí. O rántí oṣù kẹta 2020? Trump ṣàdédé ní ó ṣeé ṣe kí chloroquine wo Kòrónà, làwọn èèyàn bá ya lu àwọn kẹ́míìsì Èkó. Àwọn kan mu àmujù, ó di ọsibítù, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, ń pariwo pé kí wọ́n yéé lo oògùn fúnra wọn. Káàkiri ayé, àwọn tí lupus ń bá fínra ń wá hydroxychloroquine, wọn ò rí i rà. Ìwọ ní tìrẹ, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀rù ojú ń bà ọ́, mo mọ̀. Òótọ́ ni pé bó bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, ó lè ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́ lórí ìwọ̀n kí wọ́n tó kọ ọ́ fún ọ. Kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí o wọ̀n. Wọ́n á yẹ ojú wò ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá wá tó ọdún 5 tí o ti ń lò ó, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ojú tí wọ́n ń ṣọ́ báyẹn, ojú wo ló tún fọkàn balẹ̀ jù ú?

Prednisolone ńkọ́? Dá mi lóhùn. O ń mu ún? Ọlọ́run ṣeun. Mo mọ̀ pé ó jẹ́ kí ojú rẹ wú, tí àwọn ará ọ́fíìsì ń kí ọ kú oríire pé o ti sanra, owó ti dé. Jẹ́ kí wọ́n máa kí ọ. Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ fún ni pé o kò gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ lójijì láéláé. Ẹṣẹ́ kékeré méjì wà lórí kíndìnrín tó ń ṣe èròjà tó jọ oògùn yẹn fún ara. Bí èèyàn bá ti ń gbé e mì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á ti ká ọwọ́ gbera. Bí o bá gé e ṣàdédé, ara kò ní rí ti ilé, kò ní rí ti òde, èèyàn lè dákú, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ló ń dín in kù, ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀. Àwọn oògùn tuntun náà ti ń jáde, belimumab ní 2011, anifrolumab ní 2021, ṣùgbọ́n owó wọn kì í ṣe owó tí à ń fi ẹnu lásán pè. Èyí tí agbára wa ká ni kí o lò dáadáa.

Ti ojú rẹ, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Ohun tó yọ sí ọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó gba orí imú bọ́ sí èkejì, lára òyìnbó inú ìwé, pupa ni. Lára wa, ó lè dúdú, ó lè fẹ́ jọ ti èso ara lásán, a ó sì kọjá lára rẹ̀. O wá lọ ra ìpara àpòpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń po ìpara nínú bàfù. Ìpara tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀! Lupus tí kì í kọjá awọ ara náà wà, ó máa ń fi àpá sílẹ̀. O mọ Seal, olórin tó gba Grammy ní 1996? London ni wọ́n bí i sí ní 1963, ọmọ Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀, Olúṣẹ́gun Olúmìdé Adéọlá wà nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ń ní ilà ni wọ́n kọ fún un. Ilà wo? Kì í ṣe àbàjà, kì í ṣe pélé, kì í ṣe gọ̀ǹbọ́. Lupus awọ ara ló ṣe é nígbà èwe. Ó gbé ojú yẹn dúró níwájú gbogbo ayé, ó ń kọrin, obìnrin sì ń dákú fún un. Ìwọ, nítorí ojú dúdú díẹ̀, o ò fẹ́ kí wọ́n yà ọ́ ní fọ́tò.

Oòrùn ni kí o máa sá fún, má sá fún fọ́tò. Agboòrùn kì í ṣe ti òjò nìkan, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Aṣọ alápá gígùn, fìlà etí gbọọrọ, ìpara tó ń dènà oòrùn, kí o sì mọ̀ pé gíláàsì mọ́tò kì í dá gbogbo rẹ̀ dúró. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọ dúró ní Bẹ́gà, oòrùn ń wọlé sí ọ lára.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ojú ni o ń tọ́jú, kíndìnrín ni mò ń bẹ̀rù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ní lupus tó máa ń kan kíndìnrín wọn, kíndìnrín kì í sì í pariwo. Kò ní dùn ọ́. Ìtọ̀ rẹ á kàn máa hó, ìfófòó rẹ̀ kò ní tètè lọ. Ẹsẹ̀ á wú, bàtà á fún. Ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Nígbà tí èèyàn bá fi máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ó lè ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ kò wọ́n. Wàyí o, àgbo tí a kò mọ ewé tàbí egbò tó wà níbẹ̀, àti diclofenac, oògùn ara ríro tí o ń rà ní kẹ́míìsì bí ẹni ra gúgúrú, kíndìnrín náà ni gbogbo wọn ń lọ bá. Selena Gomez tí o ń kọ orin rẹ̀ nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, lupus ló jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní kíndìnrín kan ní 2017. Ìwọ, ọ̀rẹ́ wo ló máa fún ọ? Aláàgbo Òjòdú?

Má sunkún. Mi ò ní kí o sunkún. Súnmọ́ bí.

Mi ò sọ pé kí o má gbàdúrà. Èmi náà máa ń lọ sí ìṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe nọ́ọ̀sì, mi ò tíì rí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí ẹnikẹ́ni ju oògùn nù kí Òun tó gbọ́ ti ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ọ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń mú lọ. O sun, o jí, ó tún rẹ̀ ọ́. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìyá rẹ pè ọ́ ní ọ̀lẹ nítorí pé o kò gúnyán lọ́jọ́ Kérésì, mo ti bá a wí, ó sì ti bẹ̀bẹ̀. Bó bá rẹ̀ ọ́, jókòó. Ìyàn kò mú.

Ó wá ku Kúnlé, àfẹ́sọ́nà rẹ. O ò tíì sọ fún un. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ku bí oṣù méjì, ẹ ti lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì AA àti AS fún ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ AA, òun AS, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, o sì fi èyí pamọ́. Ṣé o fẹ́ kó bá oògùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni? A kì í jogún lupus bíi ti SS. Ó lè máa wà nínú ìdílé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí irú yín ń bí ni kì í ní i. O sì máa bímọ, ní àṣẹ Èdùmàrè, kìkì pé ọmọ rẹ kì í ṣe èyí tí à ń lóyún rẹ̀ bí ẹni kọsẹ̀. Àwọn dókítà fẹ́ kí àìsàn náà ti sùn fún bí oṣù 6 kí oyún tó dúró. Hydroxychloroquine kì í ṣe ọ̀tá oyún, wọ́n á ní kí o máa lò ó lọ. Bó bá jẹ́ mycophenolate ni wọ́n fún èèyàn nítorí kíndìnrín, ìyẹn gbọ́dọ̀ kúrò ṣáájú, nítorí ó ń ba ọmọ inú jẹ́.

Wọ́n tún máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ fún antibody kan tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó wà lára bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní lupus, òun ló sì ń jẹ́ kí oyún àwọn mìíràn máa wálẹ̀ léraléra. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nìyí, Mojí. Mo ti rí obìnrin tí oyún ń bàjẹ́ lára rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní ẹlẹ́mìí òkùnkùn, tí ìyá ọkọ kó ẹrù rẹ̀ síta, tí ẹnikẹ́ni kò sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí. Asipirínì kékeré àti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n fi ń ran irú wọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Ìdí nìyẹn tí Kúnlé fi gbọ́dọ̀ gbọ́ báyìí, kó tó di pé ìyá rẹ̀ ń bèèrè.

Bó bá gbọ́ tó sá, kó sá, a ò tíì gba ẹrù ìdána kankan lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó máa sá. Ọmọkùnrin tó ń di agboòrùn mú fún ọ láìmọ ìdí rẹ̀, kí ló máa ṣe nígbà tó bá mọ̀ ọ́n?

Lọ mú oògùn yẹn wá. Lọ mú un wá kí n rí i, kí n ka ọjọ́ tó máa gbó lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ rí dókítà, o máa fẹnu ara rẹ sọ fún un pé o dá a dúró, kó lè mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní bá ọ purọ́. Ìtọ̀ àkọ́jí ni kí o gbé dání. Lọ́jọ́ Sátidé, pe Kúnlé kó wá jẹ àmàlà níbí. Gbẹ̀gìrì ni mo máa sè, ẹran ògúnfe á wà níbẹ̀. Bí o kò bá sì tíì sọ fún un kí ó tó fọwọ́ nínú abọ́, èmi á bá ọ sọ ọ́.